Èlé Ẹ̀yáwó Ń Wálẹ̀, Ti Káàdì Àwìn Ń Gòkè: Ta Ló Ń Jèrè?

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí ìwọ̀n. Láàárín oṣù kẹsàn-án ọdún 2007 sí oṣù kejìlá ọdún 2008, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn Federal Reserve, gé èlé tí àwọn báńkì fi ń yá ara wọn lówó láti 5.25% títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Èlé orí owó tí wọ́n fi ń ra ilé tẹ̀ lé e: bíi 6% ni lọ́dún 2008, ó di 4.7% lọ́dún 2010. Ti káàdì àwìn ńkọ́? Bíi 12% ni lọ́dún 2008, nígbà tó fi máa di 2010, ó ti sún mọ́ 14%. Orílẹ̀-èdè kan náà, àsìkò kan náà. Ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀, èkejì ń gun òkè!

Kí n tó tẹ̀ síwájú, káàdì ATM tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa nílé kọ́ ni mò ń sọ o. Owó ara ẹni lèèyàn ń fi ìyẹn ná. Káàdì àwìn, owó báńkì lẹ̀ ń fi ná, ẹ̀yin lẹ máa san án padà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní wọ̀bìà báńkì ló fà á. Èmi ò ní kò sí wọ̀bìà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé kò sí wọ̀bìà lọ́dún 2007 ni? Ohun tí kò yí padà kò lè dá nìkan ṣàlàyé ohun tó yí padà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìdógò ná. Láyé àtijọ́, ẹni tó yáwó lè fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Lónìí, ilé tí ẹ fi ẹ̀yáwó rà ni ìdógò. Ẹ ò san, báńkì á gbà á. Káàdì àwìn kò ní ìdógò kankan. Báńkì ò sì lè ṣe bí Òṣómàáló, kó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yín títí ẹ ó fi sanwó. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Lọ́dún 2010, gbèsè káàdì tí àwọn báńkì kà sí àdánù kọjá 10%. Ta ló wá ń san án? Ẹni tó ń san ni wọ́n ń gbé ti ẹni tí kò san lé lórí. Ọrọ̀ ajé tó ṣubú ló mú kí báńkì àpapọ̀ gé èlé, òun náà ló mú kí káàdì wọ́n.

Òfin náà dá sí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2009, Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin tó ká báńkì lọ́wọ́ kò láti máa gbé èlé sókè lórí gbèsè tí èèyàn ti jẹ sílẹ̀. Oṣù kejì ọdún 2010 ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ni báńkì ṣe kí ọjọ́ náà tó pé? Wọ́n tètè fi owó lé èlé. Síbẹ̀, òfin tó dáa ni lójú tèmi.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Lọ́dún 1991, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Lawrence Ausubel, kọ̀wé pé ní àwọn ọdún 1980, èlé tí báńkì fúnra wọn fi ń rí owó já wálẹ̀, àmọ́ ti káàdì dúró sí bíi 18%. Kí ló dé? Ọ̀pọ̀ oníbàárà gbà pé àwọn á san gbogbo rẹ̀ tán lóṣù, wọn kì í wo èlé. Ẹni tó ń wá èlé kékeré kiri, òun gan-an ló fẹ́ jẹ gbèsè ńlá. Báńkì wo ló máa sáré dínwó láti fa irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ìdí nìyí tí mi ò fi gba àwáwí báńkì lónìí. Láti ìparí 2013 sí 2023, èlé káàdì ní Amẹ́ríkà lọ láti 12.9% sí 22.8%. Báńkì àpapọ̀ gbé èlé tirẹ̀ sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ṣàlàyé ju bíi ìdajì lọ. Gbèsè tó ń sọnù lọ́dún 2023 kò sì tó ti 2010 rárá. Àṣẹ wà pé kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ fún ní ìwé àṣẹ má gba ju 18% lọ, wọ́n sì ń yáni lówó síbẹ̀. Èrò mi ni pé ó yẹ kí báńkì ńlá náà ní irú ààlà bẹ́ẹ̀.

Kí ààlà tó dé, ẹ ṣírò tiyín. Ẹni tó jẹ 2,000 dọ́là ní 22.8% ń san 38 dọ́là èlé lóṣù. Tó bá san 58 dọ́là, 20 péré ló kúrò nínú gbèsè. Ẹ̀yin ará wa tó wà lókè òkun, tí irú gbèsè yìí bá wà lọ́rùn yín, ẹ béèrè ẹ̀yáwó aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí èlé rẹ̀ kéré kí ẹ fi san án kúrò. Ẹ má sì dúró de ìgbà tí wọ́n bá kéde pé èlé ti wálẹ̀. Ó lè má kan káàdì tiyín.