Ọ̀rọ̀ Olóòtú: Ẹ Má Fi Ẹ̀mí Òṣìṣẹ́ Ta Tẹ́tẹ́ Lórí Yìnyín

Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá gbé ní ìlú Ọba lè fi ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tó gbà nílé wakọ̀ fún oṣù 12 gbáko kó tó di dandan fún un láti ṣe ìdánwò tiwọn. Kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ó ti rí yìnyín lójú títì rí. Ẹni tó kọ́ ọkọ̀ ní Òṣogbo, tó gúnlẹ̀ sí Lincolnshire nínú oṣù kẹwàá, lè bá ara rẹ̀ lẹ́yìn sítíárìn ní ìdájí oṣù kìíní, lójú ọ̀nà abúlé tí kò níná, tó ń lọ gbé arúgbó kan dìde lórí ibùsùn.

Láti oṣù kejì ọdún 2022 tí wọ́n ti ṣí físà sílẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, títí di oṣù keje 2025 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tí kò tíì wọ ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló gba ibẹ̀ wọlé. Púpọ̀ nínú wọn ló ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn ṣiṣẹ́, mọ́tò sì ni irinṣẹ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń rán wọn jáde sórí yìnyín kò dára, àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ ló sì jẹ̀bi jù.

Ìwé òfin ojú pópó wọn, Highway Code, sọ pé ọkọ̀ tó ń sá 30 máìlì ní wákàtí máa lo mítà 23 kó tó dúró. Lórí yìnyín, ìwé yẹn náà ní ó lè di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìyẹn mítà 230, ó ju gígùn pápá bọ́ọ̀lù méjì lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà abúlé tí à ń wí yìí, 60 ni òfin fàyè gbà níbẹ̀.

Èyí tó burú jù ni yìnyín tí ojú kì í rí. Omi tó ṣẹ́ kù lójú títì á dì pẹlẹbẹ lóru, á mọ́ gaara débi pé ọ̀dà dúdú ni awakọ̀ á máa rí lábẹ́ rẹ̀, á sì rò pé òjò ló rin ilẹ̀. Orí afárá ló ti máa ń tètè dì, torí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ ẹ lókè, ó ń fẹ́ ẹ nísàlẹ̀. Lábẹ́ igi tí oòrùn kì í dé, ó lè wà níbẹ̀ di ọ̀sán. Mọ́tò lè kọ ìwọ̀n òtútù 3 Celsius sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ilẹ̀ gan-an sì ti dì. Ohun tí awakọ̀ máa kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ariwo táyà dákẹ́, sítíárìn sì fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ ọ rí á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nílé, ọkọ̀ á sì máa yọ̀ lọ síbi tó bá wù ú. Bíréèkì kọ́ ló yẹ kó tẹ̀. Kó gbẹ́sẹ̀ kúrò níbi tó fi ń sáré, kó rọra yí sítíárìn síhà ibi tí ìdí ọkọ̀ ń yọ̀ sí. Wọn kì í bí i mọ́ni, kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ.

Lóòótọ́ ni àwọn káńsù ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà á sí, táyà àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá ló sì ń lọ̀ ọ́ mọ́ yìnyín kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀nà oko tó lọ sílé ìyá arúgbó kì í rí iyọ̀, kì í rí ọkọ̀. A ò bá káńsù jà lórí ìyẹn.

Rótà, ìyẹn ìwé ètò iṣẹ́ wọn, ni ìjà wa wà lé lórí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n kọ sáàárín ilé kan àti èkejì, ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Yìnyín dé, rótà ò yí padà. Ẹni tó yẹ kó fara balẹ̀ ha gbogbo dígí ọkọ̀ rẹ̀, ihò tó tó àwo ọbẹ̀ ló ń ha síwájú ara rẹ̀ tó fi ń sáré lọ, bẹ́ẹ̀ òfin ní gbogbo dígí ló gbọ́dọ̀ mọ́.

Òfin ọdún 1974 lórí ààbò òṣìṣẹ́ kò yọ ọkọ̀ tí èèyàn ń wà nítorí iṣẹ́ sílẹ̀. Láti ọdún 2021 ni òfin sì ti fẹ ààbò dé ọ̀dọ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá yẹra fún ewu ńlá tó súnmọ́ ọn, wọn ò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́. Kí ló dé tí àwọn ọmọ wa kì í lò ó? Físà ni. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti wá agbanisíṣẹ́ mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó palẹ̀ ẹrù mọ́. Ẹni tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kó tó débẹ̀ kò ní sọ pé òun ò jáde lónìí. Àwọn ọ̀gá mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń jẹ èrè rẹ̀.

Wọ́n á ní arúgbó tó ń retí oògùn kò lè dúró. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí ètò fi gbọ́dọ̀ wà kí òtútù tó dé: ta ló ń gbé nítòsí tó lè fẹsẹ̀ rìn lọ, ilé wo ló lè dúró dọ̀sán, ẹbí wo la lè pè.

Ìdájọ́ wa ni pé agbanisíṣẹ́ tó mú èèyàn láti ilẹ̀ olóoru, tó ní kó máa wakọ̀ káàkiri láìkọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wà á lórí yìnyín, ti kùnà, bí ìjàǹbá kankan ò tiẹ̀ ṣẹlẹ̀. Kí oṣù kọkànlá tó wọlé, kó sanwó ẹ̀kọ́ náà, kó ya rótà ìgbà òtútù sọ́tọ̀, kó sì wo táyà ọkọ̀ wọn. Òfin ìlú Ọba kò sọ táyà ìgbà òtútù di dandan bíi ti Jámánì, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ọ̀gá má rà á. Àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa náà, kí wọ́n gba olùkọ́ ọkọ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tí ọ̀nà bá ti dì, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kẹ́ ẹ tó ṣíná mọ́tò, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ojú ọ̀nà mọ́ ọn. Tí máníjà bá ní kẹ́ ẹ máa lọ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó kọ àṣẹ náà sílẹ̀, kó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.