Bí Póíǹtì Bá Dọ́gba, Òfin Ni Kí A Bi

Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì í rí ẹni bá ṣeré. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọdún 2005 kò ṣeé gbàgbé, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún náà, Super Eagles na Zimbabwe ní góòlù 5 sí 1 ní Àbújá. Lọ́jọ́ kan náà, Angola na Rwanda ní 1 sí 0 ní Kigali. Póíǹtì 21 ni àwa àti Angola ní. Góòlù tí a gbá wọlé fi 14 ju èyí tí wọ́n gbá sínú àwọ̀n wa lọ. Ti Angola kò ju 6 lọ. Síbẹ̀, Angola ni ó lọ sí Ife Àgbáyé ní Jámánì. Kí ló dé? Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì ni òfin ìdíje náà kọ́kọ́ wò. Angola nà wá ní 1 sí 0 ní Luanda ní ọdún 2004; a sì ta ọ̀mì 1 sí 1 ní Kánò ní ọdún 2005.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní wọ́n rẹ́ wa jẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí Òjó àti Àjàyí bá ń du ipò nínú ìjàkadì, ṣé iye àwọn mìíràn tí Òjó dá ni a ó kà ni, àbí a ó bi í pé: ṣé o dá Àjàyí? Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà: bí ẹgbẹ́ méjì nínú ìsọ̀rí kan bá ṣe déédéé, èyí tí ó na èkejì ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Owó ẹyọ tí wọ́n ń jù sókè ni ó kẹ́yìn pátápátá.

Àwọn kan yóò ní òógùn ni góòlù pẹ̀lú. Wọn kò purọ́. Àìmọ òfin gan-an ni ó ń dójú tini. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, South Africa ta ọ̀mì 0 sí 0 pẹ̀lú Sierra Leone, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí pápá pé góòlù ti gbé àwọn dé Ife Áfíríkà. Póíǹtì 9 ni àwọn méjèèjì àti Niger ní. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òfin wò, Niger ni ó sì lọ. Ijó di ẹkún.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ wa tó fọn fèrè ìdíje kankan, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láàárín ara wọn ni àkọ́kọ́, góòlù ni ìkejì, gègé ni ìkẹta. Kí àwọn balógun ikọ̀ fọwọ́ sí i, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páátákó ìkéde. Odò Ọya àti Bẹ́núé pàdé ní Lọ́kọ́ja yìí láìjà, nítorí ojú ọ̀nà ti wà nílẹ̀ kí omi tó dé.