Iṣẹ́ abẹ ìbímọ: àwọ̀ dúdú kì í ṣe àìsàn

Ìbéèrè kan ti dé etí mi lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí: "Dókítà, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ẹ̀gbọ́n mi ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà, iṣẹ́ abẹ ni. Ṣé ara àwa obìnrin dúdú kò lè dá bímọ lọ́hùn-ún ni?"

Rárá o. Àwọ̀ dúdú kì í ṣe àìsàn.

Lóòótọ́, iye yẹn ga láàárín wọn. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, nínú 100 obìnrin aláwọ̀ funfun tó bímọ, nǹkan bí 31 ló bí nípa iṣẹ́ abẹ. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 37. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tó ń fà á, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wo obìnrin dúdú náà wà níbẹ̀. Àwọn dókítà ibẹ̀ ní ìṣirò kan tí wọ́n fi ń díwọ̀n bóyá ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí lè fúnra rẹ̀ bí ọmọ tó kàn. Bí ó bá ti jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ìṣirò náà á dín àǹfààní rẹ̀ kù. Ọdún 2021 ni wọ́n tó yọ ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo ilé. Ìwádìí ìjọba ọdún 2018 fi hàn pé nínú ìbí 100 ní Nàìjíríà, bíi 3 péré ni ti iṣẹ́ abẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé bí iye náà bá ṣe ń lọ sókè dé 10 ní orílẹ̀-èdè kan ni ikú ìyá àti ọmọ ń dín kù. Ọ̀pọ̀ obìnrin wa tó nílò rẹ̀ ni kò rí i gbà, pàápàá ní àríwá àti láàárín àwọn tálákà. Ara obìnrin Sókótó kò yàtọ̀ sí ti obìnrin Èkó. Owó, ọ̀nà àti dókítà ni kò tó.

Èrò tèmi ni pé ìwà ìrẹ́jẹ kan náà ló wà níbí àti lọ́hùn-ún: wọ́n ń wo irú ẹni tí obìnrin jẹ́ ju ohun tí ara rẹ̀ ń sọ lọ.

Àwa náà sì ní ẹ̀bi tiwa. A ti gbàdúrà "bíi ti àwọn obìnrin Hébérù" débi pé ojú ń ti ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún. Mo ti dúró rí lẹ́nu ọ̀nà tíátà tí a ń retí kí ọkọ wá fọwọ́ síwèé, tí ọkàn ọmọ sì ń rẹ̀ nínú. A gbóhùn ìyá, a ò gbóhùn ọmọ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá dábàá iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ bi wọ́n pé: Kí ló fà á? Ṣé a lè dúró díẹ̀? Ewu wo ló wà bí a bá dúró? Ṣùgbọ́n bí ibi ọmọ bá dí ọ̀nà, bí ọmọ bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀, ẹ má jáfara. Obìnrin tó ti dàgbà lè fọwọ́ síwèé fúnra rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, kéde iṣẹ́ abẹ ìbímọ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn obìnrin tí kò lówó. Kí oyún tó pé oṣù mẹ́jọ, ẹ béèrè ilé ìwòsàn tó ń ṣe é ládùúgbò yín.

A ó máa gbóhùn ìyá, a ó máa gbóhùn ọmọ.