Ẹ Jẹ́ Kí Á Kọ́ Gbọ̀ngàn Eré Sí Òkè-Ògùn

Ẹ̀yin ọmọ Ìsẹ́yìn, ọmọ Ẹbẹdí, ẹ̀yin ọmọ Ṣakí tí Òkè Àsabàrí ń ṣọ́, àti gbogbo ẹ̀yin ará ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí ń bẹ ní Òkè-Ògùn, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé fún eré ni mo fẹ́ kí á kọ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí gbọ̀ngàn ti ṣe fún àwọn ìlú tó ní in.

Ní Èkó, inú Gbọ̀ngàn Glover ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní ilẹ̀ yìí, ní oṣù kẹjọ ọdún 1903. Inú rẹ̀ náà ni Hubert Ogunde, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, ti gbé eré olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944, nítorí ìjọ Aládùúrà kan tó ń wá owó ìkọ́lé. Ní Ìbàdàn, ọdún 1925 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Gbọ̀ngàn Màpó, wọ́n sì ṣí i ní 1929. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń gbìmọ̀ nínú rẹ̀, tí ọlọ́jọ́ ìbí àti ọlọ́jọ́ ìgbéyàwó sì ń jó nínú rẹ̀. Ìbàdàn yìí kan náà ni Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti na Gene Fullmer, ọmọ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1963, títí Fullmer kò fi lè jáde fún abala kẹjọ. Ṣùgbọ́n gbangba Pápá Ìṣeré Liberty ni àwọn akànṣẹ́ méjèèjì ti pàdé, nínú oṣù òjò, kì í sì í ṣe gbogbo ìlú ni ojú ọ̀run ń ṣàánú.

Ní tiwa, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ó di oṣù kẹwàá. Bí ó bá dá, ọyẹ́ dé. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì lábẹ́ igi máńgòrò, tí afẹ́fẹ́ ń já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì ń sáré tẹ̀lé e bí ẹni ń lé òròmọdìẹ. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ ríran. Òrùlé nìkan ni kò ní. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn kì í palẹ̀ òfì mọ́ nítorí òjò, nítorí abẹ́ àtíbàbà ló ti ń hun. Kí ló dé tí ọmọ rẹ̀ kò ní í rí abẹ́ òrùlé tí yóò ti ṣeré?

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà àti omi ló kàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Gbọ̀ngàn tí ahunṣọ ń pàtẹ aṣọ òkè sí lọ́jọ́ kan, tí ọlọ́jọ́ ìyàwó ń háyà lọ́jọ́ kejì, tí àwọn oníjàkadì àti akànṣẹ́ ń lò lálaalẹ́, yóò máa rí owó tún ara rẹ̀ ṣe. Kí obìnrin ọlọ́jà àti ọ̀dọ́ jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, kí ìwé owó rẹ̀ sì wà níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á.

Ibo ni a ó kọ́ ọ sí? Ìjà yìí ni mo bẹ̀rù jù. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, mo sì gbà kí ó kọ́kọ́ bọ́ sí Ṣakí, bí ilẹ̀ bá ti yá níbẹ̀. Kí Asẹ́yìn ti Ìsẹ́yìn àti Ọ̀kẹ̀rẹ̀ ti Ṣakí fikùn lukùn, kí àwọn onílẹ̀ yọ ilẹ̀ náà sọ́tọ̀, kí á ri òkúta ààlà mọ́ ọn kí ẹ̀ẹ̀rùn yìí tó parí.