Kí Ṣáláńgá Ṣáájú Àgọ́ Létí Adágún

Adágún omi dáàmù Kangimi wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, níbi tí Barakallahu náà wà. Ẹni tí ariwo ìlú bá sú lè fẹ́ pàgọ́ sí irú etí omi bẹ́ẹ̀. Ìsinmi dára fún ara, ṣùgbọ́n omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ lè fi àrùn pamọ́.

Àtọ̀sí ajá, tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ẹni tó ní in bá tọ̀ sínú omi, ẹyin aràn inú ìtọ̀ rẹ̀ yóò pa, ọmọ aràn yóò wọnú ìṣáwùrú, yóò pọ̀ sí i níbẹ̀, yóò sì jáde láti gba awọ ara ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ wọlé. Àrùn yìí ti bá àwọn ará abúlé etí dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn fínra, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i ní ọdún 1983.

Nítorí náà, kíkìlọ̀ fún àlejò pé kó má lúwẹ̀ẹ́ kò tó. Àlejò lè kó àrùn níbẹ̀, ó sì lè gbé e wá bá apẹja tí kò ní omi mìíràn. Ṣáláńgá tó jìnnà sí omi ló yẹ kó ṣáájú àgọ́.

Oògùn praziquantel ń wo àrùn náà. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé níbi tó bá ti gbilẹ̀, kí wọ́n máa fún gbogbo ènìyàn láti ọmọ ọdún 2 sókè, kì í ṣe àwọn ọmọ ilé-ìwé nìkan. Ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ apẹja kí àlejò tó dé.