Ìgbín Kì í Tán Nínú Igbó: Irọ́ Tí À Ń Pa Fún Ara Wa



Láti ìgbà ọdún Ọbàtálá tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Wọ́n gbé àpò ìgbín kan wá sí iwájú ojúbọ, mo sì tú u láti yan mẹ́rìndínlógún. Ju ìdajì wọn lọ ni kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Iná ti lá ìkarahun àwọn kan létí, eérú sì wà lára wọn. Mo bi ẹni tó rà wọ́n léèrè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Baba, ìgbín kì í tán nínú igbó.”

Irọ́ ni. A kò sì lè di èyí ru àwọn oníwàásù tó ń pe igbó wa ní ilé èṣù, nítorí ẹnu àwa fúnra wa ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo Òkè Ìdàńrè. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn rẹ̀, tó lé ní 600, tó sì ń wo ilẹ̀ bó ti ń gòkè, yóò rí i pé ibùgbé kan kọ́ ni òkè. Ní ìsàlẹ̀, ilẹ̀ jìn, igi ṣíji bò ó, ewé ń jẹrà: ìgbín ńlá rí ọ̀rinrin, ó rí ilẹ̀ gbẹ́ láti yé sí. Ní àárín, ilẹ̀ fẹ́lẹ́, ewé kì í kó jọ àfi nínú pàlàpálá òkúta. Lókè pátápátá, àpáta ni, oòrùn sì ń yan án. Níbẹ̀, àwọn ìgbín tí kò ju hóró àgbàdo lọ ló lè fara pamọ́ sábẹ́ ewé díẹ̀. Ìgbín nílò èròjà kálísíọ̀mù tó ń mú ìkarahun le, irú àpáta yìí kò sì ní i lọ́pọ̀. Ewé jíjẹrà ló ń dá a padà sínú ilẹ̀. Ẹni tó dáná sun ewé ti sun ilé, ó ti sun oúnjẹ.

Ìgbín kì í rìn jìnnà. Àpáta gbígbóná kan tó láti dí i lọ́nà. Òkè yìí kan náà ló ni ọ̀pọ̀lọ́ kan tí a kò tíì rí níbòmíràn láyé; ọdún 1963 ni àwọn onímọ̀ fún un lórúkọ nínú ìwé, wọn kò sì tún fojú kàn án dáadáa títí di 2013. Bí òkè bá lè ní ọ̀pọ̀lọ́ tirẹ̀, kí ló dé tí a fi rò pé ìgbín ibikíbi ni yóò wá rọ́pò tirẹ̀?

Iṣẹ́ mi ni ọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ gbà mí láàyè díẹ̀. “Ìgbín” tí à ń pè, ó kéré tán, ẹ̀dá méjì ló wà lórí àtẹ kan náà lọ́jà. Ọ̀kan ni ti igbó wa, tí orí ìkarahun rẹ̀ fẹ̀ tó sì rí roboto. Ẹyin rẹ̀ tóbi, àmọ́ kì í sábà pé ogún lẹ́ẹ̀kan. Èkejì, Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ló ti wá. Orí rẹ̀ ṣóńṣó, ó sì lè yé ju 100 lọ lẹ́ẹ̀kan. Èyí ló ń bí sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, tí ẹ fi ń sọ pé ìgbín kì í tán. Orúkọ kan ṣoṣo ló fi èkíní tó ń lọ pamọ́ sẹ́yìn èkejì tó ń pọ̀.

Ní erékùṣù Moorea, nínú Òkun Pàsífíìkì, ìgbín orí igi yàtọ̀ láti àfonífojì kan sí èkejì. Ní 1977, wọ́n kó ìgbín kan tó ń jẹ ìgbín ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, kí ó lè pa olórí ṣóńṣó yìí tó ti dé ibẹ̀ náà. Láàárín ọdún mẹ́wàá, àwọn ti orí igi ti run nínú igbó.

N kò ní pe ẹsẹ Ifá sí i, torí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kò ní ṣàìrí ẹsẹ tirẹ̀. Ohun tí mo ń bèèrè kò le. Ẹ má ra ìgbín tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Ẹ dá èyí tó bá ní eérú lára padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹgbẹ́ tó bá ní ilẹ̀, kó sin ìgbín olórí roboto. Ewé ìbẹ́pẹ ń tó o jẹ. Mo ti gbọ́ àwọn àgbà kan tó ní òrìṣà kì í gba ìgbín ọ̀sìn. Ẹ̀yin bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ o, àmọ́ àgbébọ̀ àti ewúrẹ́ tí à ń fi bọ òrìṣà, ṣé inú igbó ni a ti ń ṣọdẹ wọn?

Ní ọdún tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ojúbọ wa, n ó sì tú àpò kọ̀ọ̀kan.