Kí Ẹ Tó Gbé Ọmọ Sórí Ẹṣin fún Fọ́tò

Fọ́tò kan wà nínú fóònù wa tí a kì í fi han àlejò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa, ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje, ló jókòó lórí ẹṣin funfun kan ní Kánò, pẹ̀lú aṣọ Iléyá tuntun lọ́rùn. Etí ẹṣin náà lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, funfun ẹyinjú rẹ̀ hàn, ọmọ náà sì ti fajú ro. Kò pé ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ìyẹn tí ẹṣin fi ju orí sókè, ó gbá ọmọ lágbọ̀n, ètè bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ta sí aṣọ ọdún. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, eyín kò ká.

Ẹjọ́ wa ni, kì í ṣe ti ẹṣin. Wọ́n ti gùn ún láti òwúrọ̀, oòrùn ọ̀sán ti pa á, kò tíì fẹnu kan omi, ìgbà yẹn la dé tí a tan iná kámẹ́rà pàà sí i lójú. Bàbá Hausa tó ń tọ́jú rẹ̀ ti ní kí a jẹ́ kó sinmi. A fi Hausa wa tí kò dán mọ́rán dáhùn pé, “Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀ẹ̀kan péré ni.” Ẹ̀yin òbí mọ gbólóhùn yẹn dáadáa, òun la fi ń ba nǹkan jẹ́ lọ́jọ́ ọdún.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, a ra gbànja, a padà lọ bẹ Bàbá. Kò bá wa jà. Ó ní kí a wá lọ́jọ́ tí kò sí ọdún, kí a sì wá ní kùtùkùtù.

Wíwẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àárọ̀ fọ́tò. Ọjọ́ tó ṣáájú ni Bàbá ti fọ ẹṣin náà, nítorí funfun kì í bo àbàwọ́n mọ́lẹ̀, ìgbẹ́ tó bá sì sùn lé a máa hàn lórúnkún àti ní ìbàdí. Ó ṣan ọṣẹ kúrò pátápátá. Ó ní ọṣẹ tó bá kù sára a máa yún un, ẹṣin tí ara ń yún kò sì lè dúró jẹ́ẹ́. Láàárọ̀, ó fún un ní oúnjẹ àti omi kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kì í ṣe nǹkan fún ẹṣin ńlá lójúmọ́ kan, pàápàá nínú ooru Kánò. Lẹ́yìn náà ló mú búrọ́ọ̀ṣì, láti ọrùn lọ sí ìdí, bí irun ṣe sùn. Aṣọ tútù ló fi nu ojú àti ihò imú. Ó gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó yọ òkúta tó há sábẹ́ pátákò. Nígbà tó kan ìrù, ẹ̀gbẹ́ ló dúró sí, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára ìdí ẹṣin kó lè mọ ibi tí òun wà.

Gàárì aláràbarà àti gbogbo ọ̀ṣọ́ tí ẹ máa ń sáré wò yẹn, ìgbẹ̀yìn ló kàn. Bí Bàbá ṣe ń ki ìjánu bọ ẹnu rẹ̀, a rántí pé ara ìjánu yìí ni Yorùbá ti fa ìkóra-ẹni-níjàánu yọ. (Ẹ dárí jì wá, iṣẹ́ èdè ló ń yọ wá lẹ́nu.) Afọ́tò gan-an ló nílò rẹ̀ jù.

Ojú ẹṣin wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká rẹ̀ tán. Ibi méjì ni kò rí: ọ̀kánkán iwájú orí rẹ̀ nítòsí, àti ẹ̀yìn ìrù. Ibẹ̀ gan-an sì ni afọ́tò àti ọmọdé fẹ́ràn láti gbà yọ. Lọ́tẹ̀ yìí, a dúró sí ọ̀gangan èjìká rẹ̀, a sún sẹ́yìn dáadáa, a wá fi kámẹ́rà fà á mọ́ra. Bí ẹ bá sún mọ́ imú ẹṣin jù, orí á tóbi, ẹsẹ̀ á wá rí bí igi ìṣáná. A pa iná kámẹ́rà. Oòrùn àárọ̀ wà lẹ́yìn wa.

Etí ló kù. Bí etí bá nà síwájú, ọkàn ẹṣin wà níbi tó ń wò. Bó bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ìkìlọ̀ ni. A súfèé, a pàtẹ́wọ́, kò dá wa lóhùn. Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Bàbá kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó mọ òwe náà jù wá lọ: ó ní kí wọ́n fa ẹṣin kejì kọjá lẹ́yìn wa. Ẹranko tó ń gbé nínú agbo ni ẹṣin, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni etí méjèèjì dìde.

Ọmọ wa ńkọ́? Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló sá sí láti ìgbà tí a ti dé. Bàbá bu ọkà bàbà díẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó ní kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pẹrẹsẹ. Ẹṣin fi ètè kó o jẹ, ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Okùn wà lọ́wọ́ Bàbá. Kò wé e mọ́ ọwọ́, kò sì fún ọmọ mú. Ó bi í bóyá yóò gùn ún. Ó mi orí. Ẹ̀gbọ́n wa ti ń ká apá aṣọ láti gbé e sókè, Bàbá sì kàn wò ó, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa rọra fi ọmọ sílẹ̀.

Fọ́tò tó wà lára ògiri wọn báyìí, orí ilẹ̀ ló dúró sí, ọwọ́ rẹ̀ lára ọrùn ẹṣin. Bàbá ní kí a tẹ ọ̀kan fún òun náà, ṣùgbọ́n èyí tí ẹṣin nìkan wà nínú rẹ̀.